Okùn Ọwọ́ Òsì

Bí ọkùnrin kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín lẹ́ẹ̀márùn-ún láti béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, yálà orí rẹ̀ kò pé, tàbí kì í ṣe ìbéèrè yẹn ló gbé e wá. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló gbà mí kí n tó mọ èwo ni ti Tudal nínú méjèèjì. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọkùnrin kankan kò sì tíì dẹnu ìfẹ́ kọ mí rí. Níbo ni mo ti fẹ́ mọ bó ṣe ń rí?

Azenor lorúkọ mi. Ọmọ Gireg tó ń rán ìgbòkun ọkọ̀ ni mí, ní èbúté kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Roscoff, ìlú tí ọkọ̀ èrò ti ń sọdá òkun lọ sí Ireland. Bàbá mi ń gé aṣọ, èmi ń rán an. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà, òkè là ń gbé, àwa méjì péré, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá. A lè jókòó sí ìdí tábìlì, ká jẹ ọbẹ̀ ẹja tán, ká fọ abọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì la ẹnu. Mo rò pé bí gbogbo ilé ṣe máa ń rí nìyẹn.

Oṣù Kẹta ni Tudal kọ́kọ́ wọlé, òjò ń kán sílẹ̀ lára fìlà rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ibí ni wọ́n ti ń rán ìgbòkun?"

Mo dúró sí àárín ìgbòkun kan tó gba gbogbo ilẹ̀ yàrá. Mo ní, "Rárá o. Búrẹ́dì là ń tà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Apẹja ni tẹ́lẹ̀, ará Loguivy, ó jù mí lọ ní ọdún mẹ́rin. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun ló kú tó fi ọkọ̀ onígbòkun kan sílẹ̀ fún òun, mítà mẹ́jọ, Heol lorúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ìgbòkun iwájú ẹ̀ ti gbó kọjá àtúnṣe. Mi ò wá mọ̀ bóyá kí n ra oníkọ̀ọ́ míì ni, àbí kí n ra aká-bí-ẹní."

Bàbá mi fọhùn láti orí àpótí rẹ̀, kò gbójú sókè. "Oníkọ̀ọ́."

"Bàbá, ẹ ò tíì rí ọkọ̀ náà."

"Kí ni mo fẹ́ rí? Oníkọ̀ọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbé etí òkun, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Ìgbòkun oníkọ̀ọ́, ìkọ́ idẹ ló tò sí etí rẹ̀, ẹyọ ẹyọ lẹ ó máa fi wọ́n kọ́ wáyà iwájú. Bí ìjì bá dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀, kó lọ kúnlẹ̀ sí imú ọkọ̀, kó fà á sílẹ̀, kó fi kékeré rọ́pò rẹ̀, omi á sì máa dà lé e lórí. Aká-bí-ẹní ní tirẹ̀, ńṣe ló ń ká ara rẹ̀ mọ́ wáyà. Okùn kan wá láti iwájú títí dé ibi tí ẹ jókòó sí. Ẹ fa okùn, ó ká, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ká a dé ìdajì, kì í dúró dáadáa nínú afẹ́fẹ́, bó bá sì há, ó há nìyẹn. Ní èbúté wa, àwọn ọmọ ìyá ti bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá mi ní ti ọ̀lẹ ni aká-bí-ẹní. Àwọn tó kù ní ti adánìkanrìn ni: ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lọ, ẹni tí kò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

Tudal gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní òun máa lọ rò ó. Ní Ọjọ́bọ̀ ó padà wá rò ó lọ́dọ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó wá béèrè pé èwo ló wúwo jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó wá béèrè pé èwo ló ń pẹ́ jù. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀karùn-ún, bàbá mi ju ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọkùnrin yìí, ṣé ìyàwó lo fẹ́ fi ìgbòkun ṣe ni?"

Ojú ti Tudal, etí rẹ̀ pọ́n. Àǹtí Soaz, àbúrò bàbá mi tó ń ta galẹ́ẹ̀tì, àkàrà pẹlẹbẹ ilẹ̀ wa, ní ẹnu ọ̀nà kejì, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lójú fèrèsé. Bí Tudal ṣe lọ tán ló wọlé wá.

"Azenor, ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Ìwọ rò pé ìgbòkun ló ń wò?"

"Kí ló tún ń wò?"

"Háà! Ọlọ́run mi. Gireg, kí lo fi tọ́ ọmọ yìí?"

Ara mi gbóná wòò. Mo lọ sí ẹ̀yìn, mo ń ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ fún.

Ìgbà kẹfà tó dé, kò béèrè nǹkan kan lórí ìgbòkun. Ó ní, "Ọjọ́ Àìkú, ṣé wàá wá wo ọkọ̀ náà? Bóyá tí o bá rí i wàá lè gbà mí nímọ̀ràn." Mo ní ó dáa. Àǹtí Soaz fún wa ní galẹ́ẹ̀tì méjì tí bọ́tà oníyọ̀ ń kán lára rẹ̀, ó sì ń ṣẹ́jú sí mi títí a fi kọjá.

Heol wà ní ìdí ògiri èbúté, kékeré, funfun, ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó. Tudal bẹ́ sínú rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi.

"Wọlé."

"Mi ò ní wọlé."

"Kò ní rì o. Mo ti gbọ́n omi inú ẹ̀ láàárọ̀."

"Tudal, mi ò ní wọlé."

Ó jáde, ó sì wá jókòó tì mí lórí ògiri. Mo sọ fún un. Mo ní ìyá mi, Katell, ló lọ sí imú ọkọ̀ láti fa ìgbòkun sílẹ̀ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ yí padà, bàbá mi wà nídìí ìtọ́kọ̀. Ìgbì kan ṣoṣo ló gbé e lọ. Ọjọ́ kẹta la tó rí i. Mo ní láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi kò tíì kan inú ọkọ̀. "Mò ń rán ìgbòkun fún gbogbo ayé, mi ò sì mọ bó ṣe ń rí lára tí afẹ́fẹ́ bá kún un. Àwọn èèyàn ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀."

Kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó ń wo ọwọ́ tí mo fi di galẹ́ẹ̀tì mú. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló sọ.

"Ọwọ́ òsì lo fi ń jẹun?"

"Òun ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Bàbá mi na ọwọ́ ọ̀hún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Sísọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ òsì tèmi, ìlú Pontivy la ti lọ wá a rà."

Ó gbé ọwọ́ òsì tirẹ̀ sókè. Okùn àwọ̀n ti gé ìka mẹ́ta kúrò níbẹ̀ lórí ọkọ̀ apẹja. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ló kù. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò rí i ni.

Ó ní, "Tèmi ti fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá kó òsì tìrẹ àti ọ̀tún tèmi pọ̀, wọ́n á rí ẹnì kan tó pé."

Mo rẹ́rìn-ín títí bọ́tà fi kán sí aṣọ mi. Láyé mi, ọ̀sán tó dùn tó ìyẹn kò ju méjì lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Àǹtí Soaz wọlé wá bá bàbá mi, ó wọ bàtà Àìkú rẹ̀, ó gbé ẹ̀ka igi olódòdó yẹ́lò lọ́wọ́, bí àwọn alárenà ilẹ̀ wa ṣe máa ń ṣe láyé àwọn ìyá ìyá wa. Láti ìgbà ogun, ẹnikẹ́ni kò tíì gbé e ní èbúté wa mọ́.

Bàbá mi wò ó láti òkè délẹ̀. "Soaz, kí lo fẹ́ fi ìgbálẹ̀ yẹn gbá?"

"Ìwọ ni mo fẹ́ gbá kúrò lójú ọ̀nà. Ẹnì kan rán mi níṣẹ́ sí ọmọ ẹ."

"Apẹja tí kò mọ ohun tó fẹ́ rà yẹn?"

"Ó mọ ohun tó fẹ́. Ọ̀nà ló jìn sí i."

Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu. Bàbá mi gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Kó wá sọ irú ìgbòkun tó ń rà. Láti ogójì ọdún ni mo ti ń rán ìgbòkun, ẹni tó bá dúró níwájú ìwé ìwọ̀n mi, mo máa ń mọ̀ ọ́n. Bó bá ra oníkọ̀ọ́, ó ń wá ẹnìkejì tí wọ́n á jọ máa ṣiṣẹ́, màá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Bó bá ra aká-bí-ẹní, adánìkanrìn ni. Kó máa lọ."

"Ṣé torí aṣọ lásán lo máa..."

"Mo ti sọ tèmi, Soaz."

Soaz fi ẹ̀ka náà há ara ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní òun kò ní gbé e lọ títí wọ́n á fi dáhùn, ó sì lọ jíṣẹ́ fún Tudal. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ń sọ pé, oníkọ̀ọ́, Tudal, jọ̀ọ́, oníkọ̀ọ́. Èmi tí ìkọ́ gba ìyá mi lọ́wọ́ mi, èmi ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ìkọ́.

Ó dé ní ọjọ́ Ajé. Bàbá mi sún àpótí rẹ̀ súnmọ́ wa. Mo ṣí ìwé ìwọ̀n, mo mú bírò.

"Oníkọ̀ọ́ àbí aká-bí-ẹní?"

"Aká-bí-ẹní."

Bàbá mi wúkọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè kejì, gbogbo oníbàárà la máa ń bi í, torí òun la fi ń mọ bí aṣọ náà ṣe máa tóbi tó: "Èèyàn mélòó ló máa ń fa ìgbòkun nínú ọkọ̀?"

"Ẹyọ kan."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi: ó dà bí ìgbà tí èèyàn tẹ àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Mi ò gbójú sókè mọ́, torí omi ti kún ojú mi, mi ò sì fẹ́ kó kán sórí ìwé.

"Okùn tó ń ká a, ẹ̀gbẹ́ wo ló máa gbà dé ẹ̀yìn?"

"Òsì."

Ìyẹn náà ní ìdí tí a fi ń béèrè rẹ̀. Aṣọ àbò kan wà tí a máa ń rán mọ́ etí aká-bí-ẹní kí oòrùn má bàa jẹ ẹ́ nígbà tó bá wà ní kíká. Ojú kan ṣoṣo la máa ń rán an sí, ẹ̀gbẹ́ okùn ló sì ń sọ ojú tó máa jẹ́.

Mo ní, "Ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀tún ni wọ́n máa ń fi í sí."

"Òsì ni mo wí. Kọ ọ́ sílẹ̀, Azenor. Òsì."

Ó sọ orúkọ mi jẹ́jẹ́, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí nǹkan. Mo kọ òsì. Bàbá mi béèrè ìgbà tó máa nílò ìgbòkun náà. Ó ní ìparí oṣù Kẹfà, pé wọ́n fún òun níṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ní Crosshaven, ní Ireland. Bó ṣe ń sọ ọ́, èmi ló ń wò. Mo pa ìwé dé.

Ìgbà tó jáde, bàbá mi ní, "O gbọ́ fúnra ẹ. Ẹyọ kan. Ó ń lọ, ó sì ń dá lọ." Mo ṣàkíyèsí pé kò wo ojú mi. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rán ìgbòkun yẹn. Inú ń bí mi débi pé mi ò fi ojú abẹ́rẹ́ kan ṣeré, torí mi ò fẹ́ kó rí ìdí kankan tó fi máa rántí mi fún iṣẹ́ burúkú. Ọjọ́ tó wá gbé e, mo ní kí bàbá mi dá a lóhùn, mo sì lọ ra òwú tí a kò nílò.

Àǹtí Soaz bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù òwú. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó ní òun ti fèsì tòun o. Ó ní ìwọ ló kù."

"Mo gbọ́ èsì ẹ̀, Àǹtí. Bírò mi ni mo fi kọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé kó máa bá tiẹ̀ lọ."

"Azenor. Lọ bá a sọ̀rọ̀. Lọ báyìí."

"Èmi? Kí n lọ máa bẹ ọkùnrin tó ń sá lọ? Rárá o. Ojú gbogbo èbúté yìí ló wà lára mi."

"Ìgbéraga ẹ yìí, òun lo máa máa bá sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì," ló wí, ó sì lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni Tudal lọ. Òkun kún láàárọ̀, kò lọ. Òkun fà, ó tún kún nírọ̀lẹ́, Tudal ṣì wà níbẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ rẹ̀, ó kọjú sí ojú fèrèsé wa. Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnì láti àárọ̀, mi ò jẹun. Mo rò pé ó ń dúró de afẹ́fẹ́. Ìgbà tó tú okùn ọkọ̀ nígbẹ̀yìn, ìgbòkun mi ṣí, ó tẹ́jú, ó dára. Mo wò ó títí mi ò fi rí i mọ́.

Ọdún mẹ́ta. Kí ni mo fẹ́ sọ nípa ọdún mẹ́ta? A ń jẹ ọbẹ̀ ẹja, a ń fọ abọ́. Àwọn oníbàárà ń wá, aká-bí-ẹní sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́. Ìgbàkígbà tí mo bá béèrè pé èèyàn mélòó, mi kì í gbójú sókè kúrò nínú ìwé. Mo máa ń wẹ irun mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta bí ẹni tó ń lọ síbì kan. Nígbà míì màá sọ gbólóhùn kan sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn èèyàn. Ẹ̀ka Soaz gbẹ lórí ìṣó, òdòdó rẹ̀ já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì kò sì mú un kúrò. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ṣàárò ẹni tí kò bá a gbé rí tó báyẹn.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún kẹrin, awakọ̀ akẹ́rù kan já àpò ìgbòkun kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo mọ àpò náà kí n tó kà á. Èmi ni mo rán an. Ìwé pélébé kan wà nínú rẹ̀: "Oòrùn ti jẹ aṣọ àbò yìí. Ẹ bá mi rán òmíràn sí i. Ojú kan náà. Tudal."

Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó fi okùn tó ń ká a ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ní ìdí okùn náà, ó ti ta kókó ńlá mẹ́rin, èyí tí ọwọ́ tí ìka rẹ̀ kò pé lè fi rí nǹkan dì mú. Mo kúnlẹ̀, mò ń wò wọ́n. Mo ní, òpònú wo rèé? Òsì ni ìka ẹ̀ kò ti pé, òsì ló ń fi fa okùn. Ẹnikẹ́ni lè bá a gbé okùn náà lọ sí ọ̀tún láàárín òwúrọ̀ kan, kí àwa sì rán àbò tuntun sí ojú kejì. Ọdún mẹ́ta ló ti ń fi í jẹ ara ẹ̀ níyà. Ó sì tún ní ojú kan náà!

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo jókòó bí mo ṣe máa ń rí àwọn tó wà nínú ọkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ òsì, mo kọjú síwájú, mo sì na ọwọ́ sí ibi tí okùn náà máa wà.

Ọwọ́ òsì mi ló bọ́ sí. Kò sí ibòmíràn tó tún lè bọ́ sí: èmi ló fi okùn náà sílẹ̀ dè.

Yéè. Mo pariwo, mo rò pé mo pariwo. Bàbá mi jáde láti ẹ̀yìn, ó rí mi lórí ilẹ̀ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́ òsì, kò sì béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òun náà ti mọ̀.

"Bàbá. Ẹ mọ̀."

Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. "Ọjọ́ tó ní kí o kọ ọ́ sílẹ̀ ni mo ti mọ̀."

"Ẹ sì dákẹ́?"

"Mo dákẹ́."

"Ọdún mẹ́ta, Bàbá!"

Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ìyá ẹ bẹ̀ mí pé ká ra aká-bí-ẹní. Ọdún tó kú yẹn náà ni. Mo ní ti ọ̀lẹ ni. Torí mo ní ti ọ̀lẹ ni ló fi lọ síwájú." Ó fọwọ́ kan okùn náà. "Bí o bá wọ ọkọ̀ yẹn, tí ó gbé ẹ lọ tí ó gbé ẹ bọ̀, tí nǹkan kan kò ṣe ẹ́, kí ni kí n wá sọ fún Katell? Àti pé, Azenor, ta ni mo tún ní?"

Inú bí mi débi pé mo lè fọ́ fèrèsé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ tó máa dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe jókòó, arúgbó tó ti ń gé aṣọ fún àwọn tó ń lọ, kò sì rí ẹnì kan tó dúró tì í àfi èmi. Mo bú sẹ́kún. Òun kò sunkún. Ó wọ awọ tó fi ń ti abẹ́rẹ́ sọ́wọ́, ó fa aṣọ àbò tuntun sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ rán an láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú kan náà. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbá etí àpò náà mú, èmi gbá èkejì, a gbé e dé ibùdókọ̀ ojú omi ní Roscoff. Ó ní, "Sọ fún un pé òwú ìlọ́po méjì ni mo fi rán an." Ó yí padà kí ọkọ̀ tó ṣí. Òru yẹn ni mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ láti ìgbà ikú ìyá mi, mo di àpò náà mú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Tudal ń họ ọ̀dà lára ọkọ̀ kan nígbà tí mo dé Crosshaven láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Irun rẹ̀ ti ní funfun. Ó wo àpò náà, ó wò mí.

"Mo ní kí wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wá ni."

"Èmi ni mo gbé e wá."

"Ojú wo lẹ rán an sí?"

"Ojú tí o wí. Ti òsì." Mo ju àpò náà sílẹ̀. "Kí ló dé tí o kò là á fún mi, Tudal? Ṣé o kò ní ẹnu ni?"

"Bàbá ẹ jókòó sí àárín wa. Mo rò pé ẹni tó ń rán ìgbòkun ni ẹ́, wàá kà á. Ìgbà tí o kò wá, mo gbà pé o ti kà á, o sì ní rárá."

"Ẹyọ kan lo ní kí n kọ! Mo bi ẹ́ pé èèyàn mélòó, o ní ẹyọ kan!"

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé. "Ìwé yín kò béèrè iye èèyàn tó ń lọ. Ẹni tó máa fa ìgbòkun ló béèrè. Èmi, ìtọ́kọ̀ ni tèmi, ọ̀tún ni màá fi dì í mú. Ẹyọ kan tí mo wí, Azenor, ìwọ ni."

Mo gbé ẹsẹ̀ kan sínú Heol tó wà lórí omi lẹ́yìn wa, lẹ́yìn náà mo gbé èkejì. Ẹ̀gbẹ́ òsì ìjókòó rẹ̀ mọ́, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì bó, torí kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ rí.

Oṣù Kẹsàn-án la ṣègbéyàwó, níbẹ̀, ní Ireland. Àǹtí Soaz wá, ó gbé ẹ̀ka tútù dání. Bàbá mi kò wá. Ó ní ìgbòkun kan wà tí òun ní láti gé. Mo mọ̀ pé kò sí ìgbòkun kankan, òun náà sì mọ̀ pé mo mọ̀.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè é lórí fóònù. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbé e, bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ fóònù ló jókòó sí láti àárọ̀. Ohùn rẹ̀ máa ń há, bíi ti ẹni tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti Àìkú tó kọjá. Ó máa ń béèrè bóyá aṣọ àbò náà ṣì dúró dáadáa. Mo ní ó dúró. Kò béèrè ọkọ mi rí. Ní Àìkú kan, ó béèrè nǹkan mìíràn.

Ó ní, "Bí afẹ́fẹ́ bá wá le, ta ló ń fa okùn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Níbi tí o jókòó sí?"

"Níbi tí mo jókòó sí. Mi ò lọ síwájú."

Mo gbọ́ tó ń mí. Ó ní, "Ó dáa," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.